Ọ̀kadà Tọ́bò Tí Ọkọ Mi Fi Sílẹ̀

Mi ò kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àwọn ará àdúgbò wa ní Òkè-Baálẹ̀ lè jẹ́rìí. Nítorí náà, bí mo bá ní ọ̀rọ̀ yìí ṣojú mi kòró, ẹ gbà mí gbọ́.

Mẹkáníìkì ni ọkọ mi, Bàbá Ṣàkírù. Ó ra alùpùpù àtijọ́ kan tó ti dógùn-ún, ó sì tún un ṣe títí ó fi ń dán gbinrin. Alùpùpù náà ní tọ́bò, ìyẹn ohun tó máa ń fẹ́ atẹ́gùn wọ inú ẹ́ńjìnnì kí eré rẹ̀ lè le. Tọ́bò a máa gbóná bí iná, ọkọ mi kì í sì í pa á lójijì. Bó bá ti òde dé, á ṣì jókòó lórí rẹ̀, á jẹ́ kó máa rọra ṣiṣẹ́. "Jẹ́ kó mí ná," ni yóò wí. Bó bá tutù, á fi ìka lu táǹkì lẹ́ẹ̀mejì, kó, kó, á wá pa á.

Ọ̀nà Òṣú ló kú sí. Àwọn tó rí i ní ó sùn sínú koríko bí ẹni tó ń sinmi. Alùpùpù dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò ha níbì kankan. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Àwọn ni wọ́n pa ẹ́ńjìnnì náà lójijì.

Ṣàkírù nìkan ni mo bí. Ìbàdàn ló ń gbé. Ó ní bí òun bá wálé fún Iléyá, òun á gùn ún. Ẹ̀rù bà mí. Mo ní kí n tà á kó tó dé.

Ọjọ́ tí à ń retí rẹ̀ gan-an ni oníbàárà kan wá láti Iléṣà, lẹ́yìn ìrun Ásárì. Ó fẹ́ gùn ún wò, ó sì fi fìlà rẹ̀ dógò.

"Bí ẹ bá dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó mí kí ẹ tó pa á."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Yèyé, ṣé ewúrẹ́ ni?"

Ó lọ, ó bọ̀. Bó ṣe dé ló pa á, ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Mo so ó mọ́ etí ìró mi.

Ẹ́ńjìnnì bá ta jí.

Wàláhì, kọ́kọ́rọ́ wà lára mi! Ó ń rọra ṣiṣẹ́, bí èémí ẹni tó sùn. Mo wo ìjókòó rẹ̀. Awọ rẹ̀ ń tẹ̀ wọlé díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá jókòó lé e.

"Yèyé," ọkùnrin náà rọra sọ sí mi létí, "ta ló wà níbẹ̀ yẹn?"

"Ẹ má sọ̀rọ̀."

Táǹkì dún: kó, kó. Ẹ́ńjìnnì kú. Awọ náà gbé sókè padà.

Ọkùnrin náà ò dúró gba fìlà. Fìlà náà ṣì wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi.

Mo ju kọ́kọ́rọ́ náà sínú ṣáláńgá. Kí wọ́n tó pe ìrun Mọ̀gàríbì, Ṣàkírù dé. Ó béèrè kọ́kọ́rọ́. Mo ní ó ti sọnù.

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Màámi, ẹ má dààmú. Bàbá ti tan án dè mí. Ṣé ẹ ò gbọ́ ni?"

Mo tẹ́tí. Mo gbọ́ ọ.

Mo fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn kó má baà jáde. Láti ọjọ́ náà, mi ò jẹ́ kí ọmọ yìí dá jáde. Òun náà ò sì sọ̀rọ̀ àtipadà sí Ìbàdàn mọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ọ̀kadà àtijọ́, bí ẹni tó ni ín bá ti kú, ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tó pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kẹ́yìn.