Ẹkún Tí Rùqáyyà Bẹ Ẹlòmíràn Sun

Bí o bá dé ọjà Katako ní Niamey, tí o gba ẹ̀gbẹ́ àwọn onípákó kọjá, wàá gbọ́ ikọ́ Rùqáyyà kí o tó rí òun fúnra rẹ̀. Òwú ló ń kì sínú ìrọ̀rí láti àárọ̀ títí oòrùn fi ń wọ̀, iṣẹ́ tí ìyá rẹ̀ ń ṣe ní Ìlọrin náà ni. Eruku òwú ti ba ọ̀fun rẹ̀ jẹ́. Ohùn rẹ̀ há bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Àwọn Zarma onílùú tó ń ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ rò pé òtútù ló mú un, wọ́n sì ti ń kí i kú ara àìle láti ọdún gbọ́nhan.

Ta ló máa gbà pé inú obìnrin yìí ni orin wákà àwọn ọmọ Ìlọrin tó wà ní Niamey ti ń jáde wá? Wọn ò gbé ìyàwó, ọmọ wọn kan ò parí Kùránì, kí wọ́n má kọ orin tí Rùqáyyà rò. Àmọ́ Zubaidat ló ń gbé e jáde lẹ́nu. Onídìrí ni Zubaidat, ará Kirkissoye lódìkejì odò. Niamey ni wọ́n bí i sí, Faransé rẹ̀ sì já gaara ju Yorùbá rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kó sáà gbé ohùn sókè! Ọkùnrin tí kò sunkún nígbà tí bàbá rẹ̀ kú á bẹ̀rẹ̀ sí í wá áńkáṣíìfù nínú àpò.

Olórin wákà kì í sì í kọrin láìdárúkọ ara rẹ̀ ná. "Èmi Zubaidat ni mo dé o," báyìí ló ń ṣí i. Ta ló wá ń dárúkọ ẹni tó jókòó ro ọ̀rọ̀ náà? Àwọn obìnrin a máa jiyàn lé e lórí ní ìsọ̀ Rùqáyyà. Fàìsàt tó ń ta okùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á ní, "Ẹni tó se ọbẹ̀ ló ni ọbẹ̀." Ẹlòmíràn á pariwo pé, "Irọ́ o! Ọbẹ̀ tí wọn ò bù, ta ló mọ̀ pé ó dùn?" Wọ́n á wá kọjú sí Rùqáyyà pé kó dá ẹjọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ o jàre, ó rẹ̀ mí," ni yóò wí, á tún bu òwú.

Ọdún tí àwọn sójà gbàjọba ní Niamey, tí Nàìjíríà ti ẹnubodè pa, ni ìyá rẹ̀ kú. Àbdùlsàlàm, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ló pè é láti Ìlọrin. "Ìyá ti lọ. Fídáù ọjọ́ kẹjọ là ń múra fún. Ṣé wàá wá?"

Báwo ló ṣe fẹ́ wá? Àwọn kan ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn lórí alùpùpù, ṣùgbọ́n orúnkún Rùqáyyà ò gbà á mọ́, ọkọ rẹ̀ sì wà nílé wọn ní àdúgbò Maourey tí àìsàn ti dá a dùbúlẹ̀, òun ló ń gbé e jókòó, òun ló ń wẹ̀ ẹ́. Àbdùlsàlàm ní àwáwí ni. Ó ti pẹ́ tó ti ń sọ pé Niamey ti mú àbúrò òun gbàgbé ilé. Ohun tó ń jẹ Rùqáyyà lọ́kàn jù nìyẹn, kí wọ́n máa wò ó bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ kú tí kò dùn ún.

Ló bá ro orin. Ẹnu iṣẹ́ ló wà tó ń rò ó, omijé ń kán sórí òwú. Nígbà tó délẹ̀ tán, ó wọ takisí, ó gba orí afárá Kennedy lọ bá Zubaidat. Zubaidat fi orí oníbàárà sílẹ̀ láàbọ̀, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ orin náà lẹ́nu Rùqáyyà, ó sì kọ ọ́ sínú fóònù bó ṣe máa ń ṣe.

"Èmi Zubaidat ni mo dé o, ẹ gbóhùn mi.
Ìyá mi tó ń gbọn òwú lójú oòrùn,
Ó rọ ìrọ̀rí fún ẹni ẹlẹ́ni,
Òun fúnra rẹ̀, apá ló fi ṣe ìrọ̀rí sùn.
Ọlọ́run Ọba, fi ohun tó rọ̀ sí i lábẹ́ orí."

Oníbàárà tí wọ́n fi orí rẹ̀ sílẹ̀ ti ń sunkún. Rùqáyyà gbọ́ orúkọ Zubaidat níbẹ̀rẹ̀ orin ìyá òun. Ìbá ní kó tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ó rẹ̀ ẹ́ dé egungun, ọkọ rẹ̀ kò sì tíì jẹun. Ó fi í ránṣẹ́ sí Ìlọrin lórí Wásáàpù bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ fídáù, lẹ́yìn ìrun àsárì, Àbdùlsàlàm pè.

"Gbogbo ilé ló sunkún," ó ní. "Alfa pàápàá nu ojú. Bá wa dúpẹ́ lọ́wọ́ Zubaidat yẹn. Ọmọ ọlọ́mọ tí kò jẹ oúnjẹ Ìyá rí, ó ń pè é ní ìyá mi! Ìwọ tí Ìyá bí ńkọ́? O lọ bẹ èèyàn lọ́wẹ̀ ẹkún. Wọ́n kúkú ti sọ ọ́: ọ̀ràn ò dun ọmọ ẹṣin, a mú ìyá rẹ̀ so, ó ń jẹ oko."

Háà! Irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀? Rùqáyyà la ẹnu. Bó bá sọ pé òun lòun ro orin náà, ṣé kò ní dà bí ẹni tó ń du orúkọ lórí òkú ìyá rẹ̀?

"Ẹ ṣé, Ẹ̀gbọ́n mi," ló wí, ó sì pa fóònù.

Lọ́jọ́ kejì, Zubaidat wá sí Maourey láti bi í bí fídáù ṣe lọ. Rùqáyyà sọ ọ́ fún un tútù báyìí, ó ń fọ aṣọ ọkọ rẹ̀ lọ. Zubaidat, tó máa ń fi orúkọ ọmọ Rùqáyyà pè é, fi ọwọ́ lu àyà.

"Ìyá Àmír! Ẹ ò wá sọ̀rọ̀? Ẹ tiẹ̀ jẹ́ kí n dárúkọ ara mi lórí òkú ìyá yín! Bí èèyàn bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́ o."

"Ó rẹ̀ mí, Zubaidat."

"Kò lè rẹ̀ yín jù báyìí." Ló bá gba fóònù rẹ̀, ó pe Àbdùlsàlàm, ó fi ohùn rẹ̀ sí gbangba kí àwọn méjèèjì lè gbọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, èmi ni Zubaidat. Orin yẹn kì í ṣe tèmi. Àbúrò yín ló rò ó látòkè délẹ̀, ẹnu lásán ni mo yá a."

Àbdùlsàlàm rẹ́rìn-ín tí kò dùn. "Ṣé ẹ ti jọ sọ ọ́ dáadáa? Bó bá jẹ́ tirẹ̀, kó kọ ọ́ kí n gbọ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò lóhùn," ni Rùqáyyà wí.

"Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Rùqáyyà nu ọwọ́ ọlọ́ṣẹ sára ìró. Ó húkọ́. Kò dárúkọ ẹnì kankan. "Ìyá mi tó ń gbọn òwú lójú oòrùn..." Ohùn náà ń ha, ó ń já, ó ń tún ara rẹ̀ so. Níbi apá tí Ìyá fi ṣe ìrọ̀rí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde mọ́. Ó kọ ọ́ títí dópin, bó ṣe burú tó.

Wọ́n rò pé fóònù ti já. Ìgbà tó yá ni wọ́n gbọ́ tí àgbà ọkùnrin ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Rùqáyyà," ni Àbdùlsàlàm wí, ó ń sunkún. "Níbo lo ti rí ohùn Ìyá?"

Rùqáyyà wo ọwọ́ rẹ̀.

"Òwú ni, Ẹ̀gbọ́n mi."

"Dúró," ni Àbdùlsàlàm wí, "jẹ́ kí n pe àwọn ará ilé tó kù. Jọ̀wọ́, tún un kọ fún wa."

Ó rẹ Rùqáyyà, Ọlọ́run mọ̀ pé ó rẹ̀ ẹ́. Ó mu omi díẹ̀, ó sì tún un bẹ̀rẹ̀. Zubaidat jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọ́n aṣọ, ó ń gbè é ní ohùn kékeré.