Mo Ní Kò Jìnnà

Bàálù ni màámi bẹ̀rù jù láyé. Nígbà tí ìyàwó mi bímọ ní Johannesburg níbí, tí àwọn dókítà ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, tí ìyá tirẹ̀ sì ti di olóògbé, màámi nìkan ló kù tó lè wá bá wa wẹ ọmọ. Mo pè wọ́n lórí fóònù. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n bi mí ni pé báwo ni ibẹ̀ ṣe jìnnà tó.

"Kò jìnnà, Màámi. Wákàtí mẹ́fà péré ni bàálù ń lò láti Èkó. Bí ẹ bá wọkọ̀ láti Adó-Èkìtì lọ sí Èkó lọ́jọ́ tí ọ̀nà ò dáa, ṣé kì í tó bẹ́ẹ̀ ni?"

"Ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ," ni wọ́n wí. Ọkàn wọn balẹ̀. Inú mi dùn sí ọgbọ́n orí mi.

Ẹ wá wo ẹni tó ń bẹ̀rù bàálù! Tẹ̀rín tọ̀yàyà ni wọ́n fi jáde ní pápákọ̀ òfurufú. Wọ́n ní oúnjẹ inú bàálù ò níyọ̀, ṣùgbọ́n àwọn sùn dáadáa. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an, wọ́n tẹ́ ọmọ sórí itan, wọ́n fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́, wọ́n fi òróró àgbọn pa á lára, wọ́n nà án lápá, wọ́n nà án lẹ́sẹ̀, wọ́n jù ú sókè díẹ̀, wọ́n sì hán an. Ìyàwó mi mí kanlẹ̀ lórí àga tó jókòó sí.

Lọ́jọ́ kẹta, nídìí tíì àárọ̀, màámi ní, "Bá mi wá ọkọ̀ tó máa gbé mi lọ sí pápákọ̀ òfurufú lọ́jọ́ Jímọ̀."

"Ẹ ń lọ síbo?"

"Adó ni. Ẹgbẹ́ ìyá ìjọ ń ṣèpàdé ní Sátidé, èmi sì ni ìyá ẹgbẹ́. Bí ìsìn bá ti parí ní Sọ́ńdè, mo ti ń bọ̀ nìyẹn."

"Eish, Mọ́mì!" ni ìyàwó mi kígbe. Omi ti lé ròrò sójú rẹ̀. "Ta ló máa wá bá mi wẹ ọmọ?"

"Fara balẹ̀. Ṣebí ọkọ rẹ ló ní bí Adó sí Èkó ni. Ṣé n kì í lọ Èkó kí n padà ni?"

Ìyàwó mi wò mí. Irú wíwò yẹn, mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Mo ṣí àwòrán ilẹ̀ lórí fóònù, mo sún mọ́ màámi, mo fi Èkó hàn wọ́n, mo tún fi ibi tí a wà hàn wọ́n. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka tọ ilẹ̀ náà bọ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Ibo nìyí?"

"Kamẹrúùnù ni."

"Èyí ńkọ́?"

"Gàbọ́ọ̀nù. Kóńgò ló tẹ̀lé e. Àǹgólà ló tún kàn."

"A ò tíì dé?"

"A ò tíì dé, Màámi. Ó ku Bòtswánà."

Ẹ̀rín kúrò lójú wọn. Wọ́n rọra gbé fóònù náà sílẹ̀.

"Gbogbo ìlú onílùú wọ̀nyí ló wà láàrin èmi àti ìwọ?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Wọn ò dárúkọ ìpàdé mọ́. Wọ́n na ọwọ́ sí mi lórí tábìlì, wọ́n di tèmi mú. Àwọn takisí ń fun fèrè lójú títì Troyeville, àdúgbò wa, iṣẹ́ ń dúró dè mí, ṣùgbọ́n màámi ò fi ọwọ́ mi sílẹ̀.