Àga Mẹ́rin Tí Gíga Wọn Dọ́gba

Òórùn ọ̀dà tí wọ́n fi ń kun ọkọ̀ òkun kì í kúrò lára igi bọ̀rọ̀. Ìwọ tó o ti gbé Ajégúnlẹ̀ rí, o máa mọ òórùn tí mò ń wí. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ní Àpápá máa ń gbé èyí tó bá ṣẹ́ kù wálé nínú agolo, débi pé ilẹ̀kùn, fèrèsé àti bẹ́ǹṣì iwájú ilé, gbogbo rẹ̀ ló rí bí eérú ládùúgbò wa nígbà yẹn, níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ọ̀dà yẹn náà ló wà lára tábìlì tí mo rà lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń se oúnjẹ fún àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ní Marine Beach. Ó ń kó kúrò níbẹ̀, ó sì kó gbogbo ẹrù rẹ̀ síta. Tábìlì náà gùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ki, epo àti èéfín ẹja ti dì mọ́ ọn lára. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, tí mo fi èékánná ha abẹ́ rẹ̀ níbi tí ọ̀dà ò dé, igi pupa ni mo rí. Ọ̀gánwó ni. Mo ti ru pákó ọ̀gánwó ní wọ́ọ̀fù Àpápá, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, tó pé mi ò lè ṣì í mọ̀.

Èmi àti ìyàwó mi ò tíì pẹ́ nínú yàrá kan ṣoṣo tá a gbà. Irú ilé tí yàrá kọjú sí yàrá ni, ilé ìdáná àti balùwẹ̀ wà lẹ́yìn fún gbogbo ayálégbé. Nígbà tá a ń gbé tábìlì náà wọlé, ó há sẹ́nu ọ̀nà, gbogbo ilé sì jáde wá wòran. Ìyá ará Wàrrí tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa pàtẹ́wọ́, ó ní, "Ọ̀gá, na hotel you wan open?" Ìyàwó mi wà ní ìdí tábìlì lọ́hùn-ún, òógùn bo gbogbo ojú rẹ̀. Ó dá a lóhùn pé, "We never open, Ma. Come back tomorrow." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Onílé ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bi mí bóyá orí tábìlì la ó máa sùn. Mo sọ fún un pé tó bá di dandan, a ó sùn lábẹ́ rẹ̀.

Kì í ṣe fáàrí, mo fẹ́ kó yé ọ. Nílé tí wọ́n bí mi sí, bàbá mi nìkan ló ń jẹun ní pálọ̀. Ìyá mi á kúnlẹ̀ gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á bu omi ìfọwọ́, á padà sẹ́yìn. Bí bàbá bá jẹ tán, àwa ọmọ á jẹ, lẹ́yìn náà ni ìyá mi á wá jẹ èyí tó kù nídìí ìkòkò, lórí ìnàró, nílé ìdáná. Nígbà tí èmi náà gbéyàwó, kò pẹ́ rárá, mo jẹun tán lọ́jọ́ kan lórí bẹ́ẹ̀dì, mo wá omi lọ sẹ́yìn, mo bá ìyàwó mi níbẹ̀ lórí ìnàró, ó gbé àwo lọ́wọ́, ó kọjú sí ògiri, ó ń jẹ ẹ́ kíákíá bí ẹni tó jí i. Inú bí mi. Mo ní kó máa gbé e bọ̀ nínú yàrá. Ó bi mí pé orí kí ni a ó gbé àwo méjì lé. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá tábìlì nìyẹn. Mi ò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mi ò fẹ́ rí nínú ilé tí wọ́n bá ti ń pè mí ní baálé.

A gbé e sí ẹ̀yìnkùlé, a fọ́ ìgò, a ṣa àwọn àfọ́kù tí ẹnu wọn tọ́, a fi àkísà di ẹ̀yìn wọn kó má bàa gé wa lọ́wọ́. Bó o bá tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, tó o sì fà á sọ́dọ̀ ara rẹ, ọ̀dà á máa ká jọ bí èèpo iṣu. Apá mi yára ju ti ìyàwó mi lọ, ṣùgbọ́n ojú ibi tí òun bá ti fá máa ń dán ju tèmi lọ. Ọjọ́ ìsinmi la máa ń ṣe é, ọwọ́ àwa méjèèjì rí eérú bí ọwọ́ àwọn tó ń kun ọkọ̀. Láàárín tábìlì, a bá àpá ìkòkò gbígbóná kan, ó rí roboto, ó dúdú. Mo fẹ́ fi ìyẹ̀fun pákó àti gúlù dí i, ìyàwó mi ò gbà, ó ní ẹni tó ti ṣiṣẹ́ tó báyẹn yẹ kó ní àpá. Lẹ́yìn tá a ti fi sáńpépà ha á tán, a kùn ún ní fánísì. Fánísì ò tó. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ní kí n fi kẹrosíìnì là á, pé á pọ̀ sí i, mo sì gbọ́ tirẹ̀. Ìgbà òjò ni. Tábìlì náà pupa, ó ń dán, o lè rí eyín rẹ lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbẹ. Bó o bá gbé ọwọ́ lé e, á di ọwọ́ náà mú díẹ̀ kó tó fi í sílẹ̀.

Ó wá ku àga. A lọ sí Àpápá, sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta àga tòkunbọ̀ lẹ́bàá títì, níbi tí wọ́n ti ń tú ẹrù inú kọntẹ́nà. Ó gbé odidi sẹ́ẹ̀tì kan síwájú wa. Ọ̀kan nínú wọn ga, ó ní ibi ìgbápálé, ẹ̀yìn rẹ̀ dà bí ti àga bíṣọ́ọ̀bù. Àwọn yòókù kéré, wọ́n rí ṣákálá. Ó ní àga ńlá yẹn ni ti Dádì, àwọn tó kù ni ti ará ilé. Ìyàwó mi bi í bóyá ó ní àga Dádì mìíràn. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àǹtí, Dádì mélòó ló wà nílé yín?" Ìyàwó mi ní, "Méjì." Iṣẹ́ aránṣọ ló ń ṣe, tépù kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọn àga tó wà nílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti ilẹ̀ dé ibi ìjókòó. Mẹ́rin tí gíga wọn dọ́gba ló ṣà. Ẹ̀yìn wọn ò jọra, ọ̀kan tiẹ̀ ní òdòdó tí wọ́n gbẹ́ sí i, ṣùgbọ́n a fá wọn, a kùn wọ́n bíi ti tábìlì, wọ́n sì bá a mu. Ìyàwó mi ní ohun tí òun ń fẹ́ ni pé kí ẹnikẹ́ni má máa wo ẹnikẹ́ni láti òkè.

Nígbà tó ṣe, bàbá àti ìyá mi wá kí wa láti ilé. Bàbá mi fẹ́ràn tábìlì náà. Ó yí i po, ó fìka kan án, ó ní èyí kì í ṣe pákó yẹpẹrẹ, ó sì jókòó pẹ̀lú agbádá rẹ̀. Ìyàwó mi gbé ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ilá kalẹ̀, àwo mẹ́rin, ẹja tútù nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyá mi wo àwo mẹ́rin náà, ó gbé tiẹ̀ nílẹ̀, ó kọjú sí ilẹ̀kùn. Mo lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Mo ní, "Màámi, ẹ jókòó. Àga yín rèé."

Ó ní kò burú, òun kàn fẹ́ lọ jẹ ẹ́ níbi atẹ́gùn. Bàbá mi ní kí n fi í sílẹ̀, ibi tó mọ́ ọn lára ló ń lọ, kí ìyàwó mi náà sì gbé tiẹ̀ tẹ̀ lé e.

Mo ní, "Bàbá, ẹnikẹ́ni kì í jẹun lẹ́yìn nínú ilé yìí."

Ìyá mi wo ojú mi, ó wo ojú bàbá mi, ó wá jókòó sí etí àga bí ẹni tó fẹ́ dìde. Kò fọwọ́ kan oúnjẹ. Bàbá mi ti àwo rẹ̀ síwájú. Ó ní ọmọ tí òun bí ló wá ń kọ́ òun bí wọ́n ti ń ṣe baálé, nínú yàrá kan, ní Ajégúnlẹ̀. Ó dìde, ṣùgbọ́n agbádá ò bá a dìde. Apá agbádá náà ti lẹ̀ mọ́ fánísì tí kò gbẹ. Ó fà á, tábìlì mì, ọbẹ̀ dà sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè rẹ́rìn-ín. Ìyá mi ló na ọwọ́, ó rọra ṣí aṣọ náà kúrò lójú igi, ó ká a sókè sí èjìká rẹ̀ fún un. Bàbá mi ní, "Dìde, jẹ́ ká lọ."

Ìyá mi fọ ọwọ́. Ó ní, "Mò ń jẹun lọ́wọ́, bàbá wọn." Ìgbà yẹn ló tó bu òkèlè àkọ́kọ́.

Bàbá mi jáde lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé. Ìyá mi ò yára. Ó yọ eegun ẹja ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n sí etí àwo, ó ní kí ìyàwó mi bu ilá díẹ̀ sí i fún òun. Nígbà tó jẹ tán, ó fọ ọwọ́, ó tún gèlè wé, ó lọ bá ọkọ rẹ̀ níta.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n padà sílé. Lọ́dọ̀ àbúrò mi ni mo ti wá gbọ́ pé ó pẹ́ gan-an kí bàbá mi tó tún jẹ oúnjẹ tí ìyá mi sè, pé bó bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, ẹlòmíràn ló ń rán sí i. Mi ò mọ̀. Èmi wà ní Èkó, mo ń jẹun lórí ọ̀gánwó. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn, mi ò sì lè fi pa mọ́ fún ọ: ẹnu mi ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, ìyá mi ló gbé e lọ sílé. Mi ò tiẹ̀ bi í bóyá ó fẹ́ jókòó. Mo kàn dí ọ̀nà mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n má retí pé kí n sọ pé mo kábàámọ̀ tábìlì. Fánísì rẹ̀ ti gbẹ, ó ṣì wà nílé mi, ìyàwó mi ò sì tíì jẹun lórí ìnàró láti ọjọ́ tó ti wọlé. Àwọn ẹbí kan wà tí kì í wá sọ́dọ̀ mi mọ́ nítorí rẹ̀. Ọ̀nà ilé wọn kò jìnnà, kí wọ́n máa jẹun níbẹ̀. Bó bá tún di ọjọ́ yẹn lónìí, mo máa kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n mo máa fa àga sẹ́yìn fún ìyá mi. Èmi pàṣẹ, bàbá mi pàṣẹ, àwa méjèèjì la sì rò pé tiwa ni ìjà náà. Ìyá mi nìkan ni kò pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà. Ó kàn sọ ohun tó ń ṣe, ó sì ń ṣe é lọ.