Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Tó Ní Gb Nínú

Ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi ni mo ti mọ̀wé kà, nílùú kékeré kan lápá Ọ̀yọ́. Ìyá àgbà kan ló ń fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ tọ́ka sí lẹ́tà lójú pátákó, àwa ọmọdé á sì máa pariwo tẹ̀ lé e: A, B, D, E, Ẹ, F, G, Gb. Tó bá kan Gb, ohùn wa máa ń ròkè sí i, torí òun ló bẹ̀rẹ̀ “gbogbo”, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo fúnra mi kà jáde nínú Bíbélì. Mo ṣì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí ìyá yẹn.

Nígbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ àwọn èèyàn, bàbá mi kó wa wá sí Ibafo. Bíríkìlà ni wọ́n, ibi gbogbo ni wọ́n sì ti ń kọ́lé níbẹ̀. Yàrá kan la háyà. Àwọn ìdílé tó kó wá láti Èkó ló pọ̀ jù nínú ìjọ tí à ń lọ. Ọmọbìnrin kan wà lára wọn tó jẹ́ ẹgbẹ́ mi, a sì jọ ń kọrin nínú ìjọ. Ilé-ìwé olówó ńlá ló lọ l’Ékòó. Tó bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ó rò pé imú ló fi ń sọ ọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, tí a bá ti dán orin wò tán, bùrọ̀dá tó ń darí àwa ọ̀dọ́ máa ń jẹ́ ká ṣe eré kan. Ẹnì kan á dárúkọ lẹ́tà, àwọn yòókù á máa wá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí lẹ́tà náà wà nínú ẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó kàn mí, mi ò ronú rárá.

Mo ní, “Gb!”

Ọmọ Èkó yẹn ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.

“Kí ló pè? Gb? Ṣé Gẹ̀ẹ́sì tiyín l’Ọ́yọ̀ọ́ nìyẹn?”

“Lẹ́tà kan ni,” mo dá a lóhùn.

“Lẹ́tà kan kẹ̀! Kò sí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kankan láyé yìí tó ní Gb nínú. Kò sí! Sístà Gb, ẹ pẹ̀lẹ́ o.”

Bùrọ̀dá náà rẹ́rìn-ín. Ó ní òótọ́ ni, kò sí, kí n mú lẹ́tà míì.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti di Sístà Gb. Wọ́n ń pè mí bẹ́ẹ̀ ní ibùdókọ̀, wọ́n ń pè mí bẹ́ẹ̀ níbi tí a ti ń pọn omi. Àwọn ọmọ kéékèèké tí mi ò mọ̀ rí á máa tẹ̀ lé mi: “Gb! Gb! Gb!” bí ẹni ń lé adìyẹ. Nígbà tí àwa akọrin lọ gbàdúrà nílé àwọn òbí ọmọbìnrin yẹn, gbogbo wọn ló wọ pálọ̀ tòun ti bàtà. Èmi nìkan ni ọmọ Èkó yẹn dá dúró lẹ́nu ọ̀nà. “Sístà Gb, bọ́ bàtà ẹ o. Rọ́ọ̀gì la tẹ́ síbí, kì í ṣe ẹní.” Mo bọ́ ọ. Mo fi ẹsẹ̀ lásán tẹ rọ́ọ̀gì wọn, mo sì ṣe àmín sí gbogbo àdúrà tí wọ́n gbà.

Nígbà tí mo délé, mo gba tèmi. Mi ò ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí n dárí jì í. Mo ní kó fi ọ̀rọ̀ kan hàn mí, ẹyọ kan péré, tí Gb wà nínú ẹ̀, kí n fi pa á lẹ́nu mọ́.

Díkíṣọ́nárì kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń jẹ́ ká kà lẹ́yìn ìsìn. Àmọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fi tò ó, Gb tí mò ń wá sì rèé, àárín ọ̀rọ̀ ló máa wà, bó bá wà. Mo wá a títí ojú fi ń ro mí. Lọ́jọ́ kan, mo gbé oúnjẹ lọ fún bàbá mi níbi iṣẹ́, mo ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń to búlọ́ọ̀kù, tí ìdí ọ̀kan ń kan orí èkejì. Ó yé mi lójijì. Kí n wá ọ̀rọ̀ tí G parí, kí n wò ó bóyá èyí tí B bẹ̀rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn.

Mo wo “leg”, kò sí. Mo wo “bag”, kò sí. Mo wo “song”: “songbird” wà níbẹ̀, “songbook” tẹ̀ lé e. Mo kúnlẹ̀ síbi tí mo wà. Mo wo “rag”, mo rí “ragbag”, àpò àkísà. Mo wá rántí rọ́ọ̀gì. Mo ṣí “rug”. Ibẹ̀ ni “rugby” wà.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, kódà ìyá mi. Mo ń jẹ́ Sístà Gb lọ, mo ń dáhùn, mo tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó yá, wọ́n ní àwọn ìjọ wa tó wà lágbègbè máa pàdé ní Ifọ̀ fún ìdíje ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹnì kan ṣoṣo ló sì máa lọ láti ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n ń já wa sílẹ̀ títí ó fi ku èmi àti ọmọ Èkó yẹn. Ẹnì kan á fún ẹnì kejì ní lẹ́tà méjì tó tẹ̀ léra. Bí ẹni tí wọ́n fún kò bá rí ọ̀rọ̀, ẹni tó fún un gbọ́dọ̀ mú ọ̀rọ̀ kan wá fúnra rẹ̀.

Ó fún mi ní P àti S. Ó mọ̀ pé “Sáàmù” là ń pè é nílé, tí P ò hàn nínú ẹ̀ rárá. Mo ní, “Psalm.” Ó yọ ṣùtì.

Mo wá fún un ní tiẹ̀: “G àti B.”

“Ó tún ti bẹ̀rẹ̀! Bùrọ̀dá, ẹ gbọ́ o, Gb ti dé!”

“Àbúrò,” bùrọ̀dá ní, “ṣé a ò ti sọ̀rọ̀ yìí?”

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kó dáhùn.”

“Kò sí,” ló ní. “Kò sí, kò sí, kò sí!”

“Rọ́ọ̀gì tó wà ní pálọ̀ yín,” mo ní, “èyí tí o ní kí n bọ́ bàtà kí n tó tẹ̀. Fi B àti Y sí i.”

Mo rí i tí ètè rẹ̀ ń ka lẹ́tà wọ̀nyẹn níkọ̀ọ̀kan. Ó dúró. Mi ò dúró. “Songbird. Songbook. Ragbag: àpò tí wọ́n ń kó àkísà sí.” Aṣọ ọrùn rẹ̀ ni mò ń wò bí mo ṣe ń túmọ̀ èyí tó kẹ́yìn. Bùrọ̀dá ṣí díkíṣọ́nárì, ó rí wọn, ó ní kí n máa múra Ifọ̀. Mo kí ọmọbìnrin náà: “Sístà Kò-sí, ẹ pẹ̀lẹ́ o.” Kó tó dalẹ́, orúkọ yẹn ti dé ibùdókọ̀.

Ìyá mi gbọ́. Wọ́n ní ó tó báyìí, kí n jẹ́ kó lọ. Mo ní mo ti gbọ́, mà.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, nígbà tó kan ẹ̀rí, mo bọ́ síwájú ìjọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa, tọkàntọkàn ni. Mo wá ní, “Ẹnikẹ́ni tó bá ń sọ pé kò sí nípa ohun tí Ọlọ́run fi jíǹkí mi, Olúwa á dójú tì í ní gbangba!”

Gbogbo ìjọ ké àmín. Mo kọjú sí ibi tí ọmọbìnrin náà jókòó sí. Ìyá rẹ̀, tí ò mọ nǹkan kan, gbá a lápá pé kó ṣe àmín. Ètè rẹ̀ mì.

Mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀ níbi tí mo wà. Mo tún àdúrà náà gbà.