Bàtà Tó Ń Tẹ̀ Lé Aránbàtà

Bí ẹ bá gbé bàtà fún Aránbàtà ládùúgbò wa, ẹ má wulẹ̀ sọ orúkọ yín. Yóò ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, yóò fi àtàǹpàkò yẹ gìgísẹ̀ wò, yóò sì sọ fún yín pé ẹsẹ̀ òsì lẹ fi ń tẹlẹ̀ ju ọ̀tún lọ, pé ẹ máa ń ta òkúta nípàá lójú ọ̀nà bí ọmọ ilé ìwé, àti pé ó jọ pé ẹ ti sanra díẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Àwọn kan ní ó lè ti ara okùn bàtà mọ ohun tí ènìyàn jẹ lálẹ́ àná. Irọ́ ni. Ohun tí a jẹ lọ́sàn-án nìkan ló máa ń mọ̀.

Ojú rẹ̀ kò ríran. Ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí ẹnì kan bá ń fa aṣọ bo fèrèsé. Nígbà tó fi máa pé àádọ́ta ọdún, kò rí ju ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn lọ mọ́. Kò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ìṣó kékeré wà nínú agolo kékeré, ìṣó ńlá nínú agolo ńlá, gọ́ọ̀mù lápá òsì, òòlù lápá ọ̀tún. Ẹni tó bá ṣèèṣì gbé òòlù sápá òsì, kó yáa máa múra àtigbọ́ èébú tó máa kan bàbá ńlá rẹ̀.

Wàhálà rẹ̀ kan ṣoṣo ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Ọ̀gá ilé ìwé ni kó tó fẹ̀yìn tì, àmọ́ kò tíì sọ fún ẹnu rẹ̀ pé àwọn ti fẹ̀yìn tì. Bó bá pariwo nínú ọgbà, adìyẹ á tò lórí ìlà. Ó fẹ́ràn àbúrò rẹ̀ débi pé ìfẹ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ fún àbúrò náà lọ́rùn. Ó ti kun yàrá ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ní ọ̀dà, ó ti gbé ibùsùn síbẹ̀, ó sì ti so okùn láti ibùsùn dé ẹnu ọ̀nà, láti ẹnu ọ̀nà dé ilé ìwẹ̀, kí àbúrò òun lè máa dì í mú rìn.

“Wàá kó wá sọ́dọ̀ mi,” ló wí lórí fóònù. “Ṣọ́ọ̀bù ẹ yẹn, tì í pa.”

“Àǹtí mi, ṣé ewúrẹ́ ni mí tí ẹ fi ń so okùn dè mí?”

“Ewúrẹ́ ríran!”

Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń le sí i, ọ̀gá ilé ìwé ṣe ohun tí ọ̀gá ilé ìwé mọ̀ ọ́n ṣe: ó gbé ìdánwò kalẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, kí àbúrò òun dá wọ ọkọ̀ méjì láti ilé rẹ̀ wá sílé òun ní òdìkejì odò. Bó bá dé kí aago méjìlá tó lù, kó máa gbé ilé rẹ̀ lọ, òun ò ní sọ̀rọ̀ yàrá mọ́ láéláé. Bí kò bá dé, tàbí bí ẹnì kan bá fà á lọ́wọ́ wá, ó parí: kó kó àwọn agolo ìṣó rẹ̀ wá sínú yàrá olókùn.

Aránbàtà gbà. Àmọ́ kò pẹ́ tí ọkàn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkì. Ó pe ọkọ rẹ̀, akọ̀wé ibi ìkówèésí tó ti fẹ̀yìn tì, tí gbogbo ẹbí ń pè ní Bùọ̀dá Onígíláàsì nítorí pé gíláàsì ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò. Ó ní kó máa tẹ̀ lé àbúrò òun lẹ́yìn, kó má sọ̀rọ̀, kó má sì jẹ́ kó dá òun mọ̀.

Bùọ̀dá ronú jinlẹ̀. Kò sí ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan níbi iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ tí kò kà tán lẹ́ẹ̀mejì. Ó dé fìlà tí kì í dé. Ó fi òwú dúdú ṣe irùngbọ̀n, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ àgbọ̀n. Nígbà tó wo ara rẹ̀ nínú dígí, ó rí i pé gíláàsì yìí gan-an ni yóò tú àṣírí òun. Ó bọ́ ọ, ó gbé e sórí tábìlì, ó wọ takisí, ó lọ. Báyìí ni ẹni tó kàwé jù nínú ẹbí ṣe fi ojú ara rẹ̀ sílẹ̀ nílé, kí ẹni tí kò ríran má bàa dá a mọ̀.

Ní aago mẹ́sàn-án, Aránbàtà ti ilẹ̀kùn, ó fa àgádágodo wò lẹ́ẹ̀mejì, ó na ọ̀pá funfun rẹ̀ síwájú. Láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ dé ibùdókọ̀, igba ìṣísẹ̀ ó lé méjìlá ni. Kò tíì dé ibi tí òórùn búrẹ́dì gbígbóná ti máa ń pàdé rẹ̀ tó fi gbọ́ ọ lẹ́yìn.

Kó, ṣìn-ín. Kó, ṣìn-ín.

Ìyá kì í gbàgbé ẹkún ọmọ rẹ̀. Irin gìgísẹ̀ òsì nìyẹn, tó fi ìṣó mẹ́ta kàn fún ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́dún tó kọjá; ìṣó kejì ti tú. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, àmọ́ ẹ̀rù bà á díẹ̀. Bí ọwọ́ Bùọ̀dá bá kàn án pẹ́nrẹ́n, wọn á ní wọ́n fà á wá. Ó tẹsẹ̀ mọ́rìn.

Ọkọ̀ àkọ́kọ́ gbé òun àti bàtà tó ń tẹ̀ lé e dé oríta ńlá láìsí wàhálà. Ó dúró, ó ń dẹtí sí ọkọ̀ kejì, ni ọwọ́ obìnrin kan bá gbá a lápá mú bí ẹ̀mú.

“BÀBÁ! Ẹ PẸ̀LẸ́ O! Ẹ JẸ́ KÍ N BÁ YÍN SỌDÁ!”

“Ìyá mi, ojú ni kò ríran, etí mi wà pẹ́rẹ́pẹ́rẹ́. Mi ò fẹ́ sọ—”

Wọ́n ti dé àárín títì. Ọkọ̀ ń fọn fèrè, awakọ̀ ń ṣépè, obìnrin náà ń ṣàdúrà. Nígbà tí wọ́n dé òdìkejì, ó ṣe àmín méje, ó sì pòórá bí ìlérí olóṣèlú. Ó ku Aránbàtà nìkan níbi tí kò fẹ́ lọ, kò mọ ibi tí òun kọjú sí. Láti òdìkejì títì ló ti ń gbọ́ ọ: kó-ṣìn-ín-kó-ṣìn-ín-kó-ṣìn-ín. Bùọ̀dá ti ń sáré bọ̀ wá gbà á là. Ìdánwò fẹ́ bàjẹ́.

Aránbàtà kò mira. Nígbà tó bọ́ọ́lẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún ni oòrùn ti ń jó o; ní báyìí, òsì ni. Àwọn tó ń jó irin, tí wọ́n wà lẹ́yìn rẹ̀ tẹ́lẹ̀, iwájú ló ti ń gbọ́ wọn báyìí. Àṣé ọ̀hún ló kọjú sí gan-an.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nítòsí,” ó ké, “ọ̀dọ̀ àwọn tó ń jó irin ni mò ń lọ. Tí ọ̀nà bá ti ṣí, ẹ sọ fún mi. Ẹnu ni mo fẹ́ o, mi ò fẹ́ ọwọ́.”

“Ẹ dúró ná, bàbá,” ni ọkùnrin kan tó ń ta ìwé ìròyìn wí. “Ẹ dúró… Ó yá! Ẹ gba iwájú tààrà!”

Ó sọdá. Bí ó ṣe ń gòkè sí ẹ̀gbẹ́ kejì, bẹ́ẹ̀ ni Bùọ̀dá ń dé ẹ̀gbẹ́ tó fi sílẹ̀, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tó sì ní láti yí padà.

Aránbàtà bi awakọ̀ ọkọ̀ kejì léèrè bóyá yóò gba orí afárá kọjá, awakọ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni, ó wọlé. Bùọ̀dá tẹjú mọ́ pátákó iwájú ọkọ̀ títí, kò rí ju ohun tó jọ eṣinṣin dúdú lọ níbẹ̀. Nítorí pé Aránbàtà wọlé lòun náà ṣe wọlé.

“Bàbá,” ni obìnrin kan wí lẹ́yìn ọkọ̀, “irùngbọ̀n yín ń já bọ́ sórí ẹrù mi o.”

Bùọ̀dá wú ikọ́, ó mú kí ohùn rẹ̀ ki. “Ẹ máà bínú. Ara rẹ̀ ni kò yá.”

Aránbàtà yára kọjú sí fèrèsé, ó ń wo ìta tí kò rí, kí ẹ̀rín má bàa pa á. Ó ń ka ọ̀nà lọ: afárá kùn lábẹ́ táyà, ọkọ̀ fò lẹ́ẹ̀kan, ó fò lẹ́ẹ̀kejì, ó yà sọ́tùn-ún. Ó dìde. Nígbà tó bọ́ọ́lẹ̀, ó tẹ aago ọwọ́ rẹ̀, aago náà sì sọ̀rọ̀: mọ́kànlá kọjá ogójì ìṣẹ́jú. Ọ̀pá rẹ̀ bá etí gọ́tà pàdé lápá òsì. Ó yẹra fún un, ó yà sí ọ̀tún. Ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún péré ló kù.

Lẹ́yìn rẹ̀: kó, ṣìn-ín, kó… gbọ̀ọ́!

“Yéè! Orúnkún mi!”

Ó dúró. Bó bá ń bá tirẹ̀ lọ, òun nìkan ni yóò dé, ilé òun ti di tòun. Bó bá padà, àwọn méjèèjì ni yóò di apá ara wọn mú wọlé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á sì ní òun ti sọ bẹ́ẹ̀. Ó mí kanlẹ̀. Ó padà.

“Bùọ̀dá, ẹ mú ọ̀pá yìí. Ẹ rọra gòkè.”

Omi ró ṣàpà nínú gọ́tà. “Ta… ta ló sọ fún ọ pé èmi ni?”

“Irin gìgísẹ̀ yín. Láti ẹnu ọ̀nà mi ló ti ń kí mi.”

“Mo kó irùngbọ̀n bojú o!”

“Mo gbọ́ lọ́kọ̀. Àmọ́ ta lẹ fẹ́ kó rí i?”

Bùọ̀dá di ọ̀pá mú, ó gòkè. Àwọn ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kò sọ nǹkan kan nípa irú ìbéèrè yẹn.

Ẹ̀gbọ́n Aránbàtà dúró ní ẹnu ọ̀nà. Ó rí ọkùnrin méjì tí wọ́n di apá ara wọn mú bọ̀, ó sì pàtẹ́wọ́.

“Mo ti mọ̀! Bàbá wọn ló fà á wá! Ìdánwò ti bàjẹ́, lọ máa kó ẹrù ẹ!”

Aránbàtà ń dúró de Bùọ̀dá. Bùọ̀dá náà dúró, nítorí pé ọgbọ̀n ọdún ló fi jẹ́ ẹni tó gbọ́n jù nínú ilé yẹn, oyè náà sì dùn. Ó bojú wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tí omi gọ́tà ń kán lára rẹ̀. Ó fa irùngbọ̀n tó kù ya.

“Ìyá wọn, èmi ni ó fà wá,” ó wí. “Ó dá wọ ọkọ̀, ó dá bọ́ọ́lẹ̀. Ó rí gọ́tà, èmi ò rí i. Bí kì í bá ṣe tirẹ̀, inú rẹ̀ ni ǹ bá ṣì wà.”

Obìnrin náà wo ọkọ rẹ̀, ó sì wo gíláàsì ọkọ rẹ̀ tó bá lórí tábìlì láàárọ̀, tó ṣì mú lọ́wọ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ẹnu rẹ̀ náà fẹ̀yìn tì fún odindi ìṣẹ́jú kan.

“Aago mélòó ni?” ló béèrè nígbẹ̀yìn.

Aago ọwọ́ àbúrò rẹ̀ ló dá a lóhùn: ó ku ìṣẹ́jú méje kí aago méjìlá lù.

“Máàkì márùn-ún dín ní ọgọ́rùn-ún.”

“Àǹtí mi! Kí ni mo ṣe tí mo fi pàdánù márùn-ún?”

“O ò pè mí nígbà tó o dé orí afárá. Àyà mi fẹ́ já.” 

Ó wọ yàrá ẹ̀yìn, ó tú okùn náà, ó ta á sáàárín ọgbà, ó sì sá ìbọ̀sẹ̀ ọkọ rẹ̀ sí i. Lẹ́yìn oúnjẹ, Aránbàtà na ọwọ́.

“Bùọ̀dá, bàtà yẹn dà? Kí n bá yín kan ìṣó kejì.”

“Báwo ni n ó ṣe wá gbà á?”

“Ọkọ̀ méjì péré ni. Ẹ wọ gíláàsì yín, ẹ máa béèrè. Abéèrè kì í ṣìnà.”

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sìn ín dé ibùdókọ̀. Kò dì í mú. Nígbà tí ọkọ̀ dé, ó fẹnu sọ pé ó ti dé, ó sì padà sílé. Aránbàtà bọ́ọ́lẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ó ń ka igba ìṣísẹ̀ ó lé méjìlá rẹ̀ lọ. Nígbà tó dé ibi òórùn búrẹ́dì, ó dúró, ó dẹtí sẹ́yìn. Kò sí bàtà kankan tó ń tẹ̀ lé e. Èyí tó ń tẹ̀ lé e láàárọ̀, inú àpò rẹ̀ ló wà.