Ọjọ́ Tí Mùsá Bátìrì Rí Inú Ara Rẹ̀

Kò sí awakọ̀ tó ń ná Ibafo sí Mowe tí kò mọ Mùsáfírù. Mùsá Bátìrì ni wọ́n ń pè é, torí iṣẹ́ bátìrì ọkọ̀ ló ń ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà márosẹ̀. Ó ti pẹ́ nídìí ásíìdì débi pé kò ní ṣòkòtò kan tí kò lu bí asẹ́. Ó ti rí i tó jẹ irin, ó ti rí i tó bó èèyàn lápá, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà á gidi.

Bátìrì tírélà kì í ṣe ohun tí ẹ̀yìn ń gbádùn láti gbé. Nítorí náà, láràárọ̀, láìtíì fi nǹkan kan ẹnu, Mùsá á gbé oògùn ara ríro mì kó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tó yá, àyà bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Ó lọ sí kẹ́míìsì, wọ́n fún un ní oògùn olómi kan tó funfun bí ẹfun tí wọ́n pò mómi.

"Ásíìdì ló pọ̀ nínú yín, Bàbá," ni ọmọbìnrin tó ń tajà wí. "Èyí á paná ẹ̀."

Ásíìdì kẹ̀? Nínú èèyàn? Mùsá rò pé àwàdà ni. Ó mu ṣíbí méjì, ó jókòó sórí táyà, kó tó mọ̀, iná àyà náà ti kú. Ẹnu yà á. Ló bá sọ oògùn di ẹmu. Yóò mu ún kó tó jẹun, yóò mu ún tó bá jẹun tán, ó ní òun fẹ́ pa gbogbo ásíìdì inú òun run. Ẹ wo àgbàlagbà! Ìgbẹ́ le mọ́ ọn nínú, kò rí i yà. Ó pààrọ̀ sí oríṣi mìíràn, ó wá ń sáré lọ sílé ìgbẹ́ bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé. Síbẹ̀ kò fura sí ìgò ọwọ́ rẹ̀.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà sì ju èje lọ. Lọ́jọ́ kan tí kò sí omi láti fi ṣan ilé ìgbẹ́, Àsmá'ù ìyàwó rẹ̀ rí i pé ìgbẹ́ ọkọ òun dúdú kirikiri.

"Bàbá Ashraf, ẹ̀jẹ̀ tó ti dúdú lèyí o."

"Fi mí sílẹ̀ jàre, Ìyá Ashraf. Mo ti mu oògùn."

Obìnrin náà jáde sí títì. Ó dá ọkọ̀ dúró, ó ní bí kò bá wọkọ̀, òun á sùn sójú títì kí gbogbo Ibafo wá wò ó. Mùsá wọkọ̀.

Ní ọsibítù ńlá kan lọ́nà Ṣágámù, Dókítà Morẹ́nikẹ́ fín oògùn sí i lọ́nà ọ̀fun, ó sì ti páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà lórí gba ẹnu rẹ̀ wọlé. Ni Mùsá bá rí ikùn ara rẹ̀ nínú tẹlifíṣọ̀n. Ó pupa, ó ń dán, ó ń mì jẹ́jẹ́ bí ọmọ tó ń sùn, omi díẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

"Ásíìdì lomi yẹn," ni dókítà wí. "Òun ló ń lọ oúnjẹ, òun ló ń pa kòkòrò tó bá bá oúnjẹ wọlé. Ara yín ló ń dá a dúró tí ò fi jó yín."

Omijé bọ́ lójú Mùsá, torí páìpù kò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀. Ohun tó ń jẹ irin! Àtìgbà tí wọ́n ti bí i ló ti ń gbé e kiri, ó ń gbé e sùn, ó ń gbé e kírun, kò sì mọ̀.

"Ṣùgbọ́n ẹ wo ibí." Ọgbẹ́ kan jìn wọnú, ẹ̀jẹ̀ ń jò lẹ́bàá rẹ̀. "Oògùn ara ríro ló dá a sí yín lára. Oògùn funfun yẹn dáa fún àyà títa ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àmọ́ ẹ̀yin fi ń bo ọgbẹ́ mọ́lẹ̀ ni. Ó kù díẹ̀ kó lu já."

Mùsá ti ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá. Wọ́n gba oògùn ara ríro lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fún un ní òmíràn tó ń jẹ́ kí ọgbẹ́ inú jinná, wọ́n ní kó padà wá fún àyẹ̀wò. Títí ọjọ́ náà fi pé, ẹ̀rù ikú kò kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Nígbà tó padà, ojú rẹ̀ kò kúrò lára tẹlifíṣọ̀n. Ó wá ibi tí ọgbẹ́ wà, kò rí i. Àpá tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló kù. Bí wọ́n ṣe yọ páìpù, ó ní:

"Dókítà, ta ló rán ojú ọgbẹ́ náà?"

"Kò sẹ́ni tó rán an o, Bàbá. Ẹ ò bà á jẹ́ mọ́, oògùn sì ràn án lọ́wọ́. Òun fúnra ẹ̀ ló jinná, nínú ásíìdì tó wà."

Mùsá sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó fi iwájú orí kanlẹ̀ nínú yàrá náà, kò sì tètè dìde. Dókítà dúró, kò tíì pe aláìsàn tó kàn.