Àwo Orin Tí Kò Lórúkọ

Ṣúmẹ́kà ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe bàtà ló sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo àdúgbò mọ̀. Bí ẹnìkan bá wọ òpópónà náà tó ń fi orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ béèrè rẹ̀, àwọn ènìyàn á kọ́kọ́ wo onítọ̀hún láti òkè délẹ̀, wọ́n á rò pé agbowó-orí ni. Alábẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè é. Kì í sì í ṣe nítorí abẹ́rẹ́ tó fi ń rán bàtà o, abẹ́rẹ́ gíramafóònù ni. Fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, láti aago mẹ́rin títí ilẹ̀ á fi máa ṣú, òun ló ń gbé abẹ́rẹ́ lé àwo orin ní gbọ̀ngán tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta àga, orin sálísà nìkan ṣoṣo ló sì máa ń fi sí i. Kò sí ẹnì kan nínú àwọn oníjó tó gbọ́ èdè Sípéènì tí wọ́n fi ń kọ orin náà. Ìbàdí wọn ló gbọ́ ọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló kó àrùn náà wọlé. Inú ọkọ̀ òkun ni ẹ̀gbọ́n yìí ti ń ṣiṣẹ́, ní yàrá ẹ̀rọ nísàlẹ̀, níbi tí ooru ti máa ń mú èèyàn bí ẹni wà nínú ààrò. Bí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀ sí èbúté kan, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń wá ọtí kiri, àwo orin lòun máa ń wá ní tirẹ̀. Yóò kó wọn sáàárín aṣọ òtútù nínú àpótí, títí á fi délé. Ọjọ́ tí Alábẹ́rẹ́ kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀kan nínú wọn, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni, ó ṣì ń kọ́ṣẹ́ bàtà. Igi méjì kan ń kọ lu ara wọn, kó, kó, kó, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, kó, kó. Dùùrù ń rìn bọ̀ nísàlẹ̀ wọn, ìlù gbà á, fèrè sì dé bí àlejò tí kò kan ilẹ̀kùn. Ó ní ẹsẹ̀ òun ti dáhùn kí òun tó mọ̀ pé wọ́n pe òun.

Ọ̀nà tó ń gbà yan orin, mi ò tíì gbọ́ irú rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Kì í wo ojú àwọn oníjó. Ó ní ojú lè máa rẹ́rìn-ín nígbà tí orúnkún ń sunkún. Bàtà ló ń wò. Láti ọjọ́ Ajé títí di Sátidé, bàtà wọn ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, ó sì mọ ohun tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn ju bí àwọn aya wọn ti mọ̀ ọ́n lọ. Ẹni tí àtẹ́lẹ̀ bàtà rẹ̀ bá jẹ níwájú, ẹni tó ń fi ọmọ ìka yípo ni, orin tó yá ló ń fẹ́. Ẹni tí gìgísẹ̀ rẹ̀ bá jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, orúnkún kan ti ń dùn ún, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, bí Alábẹ́rẹ́ bá ti fi orin gbígbóná méjì sí i, á fi ẹyọ kan tó lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ tẹ̀ lé e, kó lè jó láìjókòó, kí ojú má baà tì í. Ti ìyá oníbúrẹ́dì tún yàtọ̀. Orí bàtà rẹ̀ ló máa ń bó, nítorí ọkọ rẹ̀ kì í yé tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Alábẹ́rẹ́ ní irú orin kan fún tọkọtaya yẹn, èyí tí wọ́n ń fira wọn sílẹ̀ jó, kí àlàáfíà lè jọba.

Ní ọ̀sán Sátidé, á tẹ́ àwọn àwo náà sórí ibùsùn, á máa fi síńgílẹ́ẹ̀tì tó ti gbó nù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, á máa gbé èyí síwájú tìyẹn, á tún máa dá a padà. Bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú lọ kò kàn án. Ìyàwó rẹ̀ máa ń sọ fáwọn ará ilé pé tó bá di Sátidé, òun kò lọ́kọ, òun kò sì ní ibùsùn.

Ní ìpẹ̀kun òpópónà kan náà, gbọ̀ngán kejì wà, Onígíláàsì ló sì ń fi orin síbẹ̀. Gíláàsì ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò. Ọ̀rẹ́ ni àwọn méjèèjì tẹ́lẹ̀, wọ́n jọ máa ń gbọ́ orin lẹ́nu ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Lọ́jọ́ Àìkú kan ni Onígíláàsì wá kí Alábẹ́rẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ bí ẹni fẹ́ di okùn bàtà, ó sì ka orúkọ tó wà lórí bébà róbótó àárín àwo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró. Kò pé oṣù mẹ́ta, orin yẹn kan náà ń dún ní gbọ̀ngán tirẹ̀. Láti ọjọ́ náà, wọ́n di orogún. Bí ọ̀kan bá ń bọ̀ lápá ọ̀tún, èkejì á sọdá sí òsì, àní kó jẹ́ inú òjò.

Ìgbà yẹn ni Alábẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bó bébà àárín àwo. Á gbé omi lọ́wọ́ọ́wọ́ kalẹ̀, á ki aṣọ bọ̀ ọ́, á fi rin bébà náà títí á fi rọ̀, á wá fi èékánná ha á kúrò. Orúkọ olórin àti ti orin, á kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan tó ń gbé sábẹ́ àpótí gọ́ọ̀mù. Ọgbọ́n ni, àbí? Ẹ wá gbọ́ ohun tí ọgbọ́n fi ojú rẹ̀ rí. Lọ́jọ́ Àìkú kan, ní nǹkan bí aago mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé láti orí omi pẹ̀lú ìdì àwo kan. Wákàtí kan péré ló kù kí ijó bẹ̀rẹ̀. Alábẹ́rẹ́ gbé àkọ́kọ́ sórí ẹ̀rọ, kò ì dé ìdajì tí orí rẹ̀ fi wú. Ó mọ̀ pé Onígíláàsì ò gbọdọ̀ mọ èyí láéláé. Kíá ló gbé omi kaná, kíá ló ha bébà náà, ó sì sọ àpò àwo náà sínú iná. Ìgbà tí àwo gbẹ tán, tó mú ìwé kékeré àti bírò, ló tó wá sí i lọ́kàn pé òun ò ka orúkọ rẹ̀.

Ó sáré bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní òun ò wò ó, pé ṣọ́ọ̀bù kan tó ń kógbá sílé lòun ti ra gbogbo rẹ̀ papọ̀ lápò. Ẹ̀rín pa ìyàwó Alábẹ́rẹ́ títí ó fi jókòó sílẹ̀. Alábẹ́rẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ fún ẹnikẹ́ni, kò sì sọ ọ́, ṣùgbọ́n tí ọkọ rẹ̀ bá ti ń ṣe bí ẹni tó gbọ́n jù nínú ilé, á kàn rọra bi í pé, "Kí lorúkọ rẹ̀ ná?"

Orin tí kò lórúkọ yìí ló wá di òkìkí rẹ̀. Òun ló máa ń fi parí ijó. Àwọn oníjó fúnra wọn sọ ọ́ ní Ó Dàárọ̀. Bí wọ́n bá bi Alábẹ́rẹ́ pé ta ló kọ ọ́, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní àṣírí iṣẹ́ ni. Wọ́n gbà pé ó ń fi pamọ́ ni, òun náà sì jẹ́ kí wọ́n gbà bẹ́ẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a.

Gbọ̀ngán méjèèjì ti kógbá sílé báyìí. Táyà ni wọ́n ń kó pamọ́ sí ọ̀kan, wọ́n ti wó èkejì. Ìyá oníbúrẹ́dì ti lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀ gbé. Bàtà tí wọ́n ń gbé wá fún Alábẹ́rẹ́ nísinsìnyí, rọ́bà ni gbogbo rẹ̀, kì í jẹ lápá kan, ó kàn máa ń já ni, èèyàn ò sì lè rí ìwà ẹnikẹ́ni kà nínú rẹ̀. Nígbà míì, á fi òòlù sílẹ̀, á wo ẹ̀yìn aṣọ ìkélé níbi tí ẹ̀rọ àti àwọn àwo rẹ̀ wà, á sì máa gbọ́ bí igba ẹsẹ̀ ṣe ń lu pákó gbọ̀ngán lẹ́ẹ̀kan náà. Àárò ìgbà yẹn ń sọ ọ́ gan-an. Kò tijú láti sọ bẹ́ẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Onígíláàsì wọlé. Ọ̀pá ló fi ń rìn, ó sì fi ìwé ìròyìn di nǹkan kan mọ́ abẹ́ apá. Ìyàwó rẹ̀ ti kú lọ́dún tó kọjá. Alábẹ́rẹ́ lọ síbi ìsìnkú náà, ó dúró sẹ́yìn pátápátá, ó sì kúrò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bọwọ́. Wọ́n kí ara wọn bí àna méjì tí kò tíì mọra. Onígíláàsì jókòó, ó tú ìwé ìròyìn náà. Bàtà obìnrin aláwọ̀ ewé ló wà nínú rẹ̀, Alábẹ́rẹ́ sì rí ojú ìrán ọwọ́ ara rẹ̀ lára gìgísẹ̀ méjèèjì.

Onígíláàsì ní bàtà ìyàwó òun ni, kì í ṣe pé kó bá òun tún un ṣe. Ó ṣàlàyé pé gbọ̀ngán tòun máa ń ṣíwọ́ ṣáájú ti Alábẹ́rẹ́. Bí òun bá ti ń di ẹrù, ìyàwó òun á ní òun ń bọ̀, á sì jáde. Òun mọ ibi tó ń lọ. Bí òun ṣe ń ká wáyà lọ́wọ́, òun á máa gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ Ó Dàárọ̀ láti òkèèrè, ariwo àpótí á sì bo ìyókù mọ́lẹ̀, ìgbéraga ò sì jẹ́ kí òun tẹ̀ lé e lọ́jọ́ kan. Láti ìgbà tó ti kú, òun ti kọ lẹ́tà sí àwọn ilé rédíò, òun ti fi imú kọ orin náà fún gbogbo ẹni tó ń ta àwo. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n.

Ó ní, "Sọ orúkọ ẹ̀ fún mi. Àwọn tá a ń torí wọn bára wa díje ti lọ tán. Mo kàn fẹ́ rà á kí n máa gbọ́ ọ nílé ni."

Alábẹ́rẹ́ la ẹnu. Ó lè hun orúkọ kan papọ̀, orúkọ tó máa dún bí èdè Sípéènì, ta ló máa já a? Ó wo bàtà tó wà lórí itan ọkùnrin náà, irọ́ náà kò jáde.

"N ò mọ̀ ọ́n," ló sọ.

Ojú Onígíláàsì yí padà. "O ṣì ń fi pamọ́ fún mi títí dòní?" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í di bàtà náà padà, ó sì ń wá ọ̀pá rẹ̀.

Alábẹ́rẹ́ sáré wọ ẹ̀yìn aṣọ ìkélé. Ó gbé àwo náà jáde, ó nà án sí i, ó sì sọ gbogbo rẹ̀, omi gbígbóná, èékánná, àpò tó jóná, ìwé kékeré tí kò rí nǹkan kọ sí. Onígíláàsì bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó sún àwo náà mọ́jú débi tí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Àárín rẹ̀ mọ́ fóò, kìkì ojú èékánná ló wà níbẹ̀. Nígbà tó yá, èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, Alábẹ́rẹ́ rò pé ẹkún ni, àṣé ẹ̀rín ni. Ó ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn lòun fi ń ṣépè fún èèyàn lórí ohun tí onítọ̀hún fúnra rẹ̀ ò mọ̀. Ó ní kó gbé e sórí ẹ̀rọ.

Wọ́n jókòó láàárín bàtà, wọ́n gbọ́ ọ. Igi méjì bẹ̀rẹ̀, dùùrù dé, akọrin àti àwọn elégbè ń dá ara wọn lóhùn. Nígbà tó yá, gbogbo wọn dákẹ́ fún fèrè kan ṣoṣo, ẹ̀yìn ìyẹn ni gbogbo wọn tún gbà á, wọ́n ń jó lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má fẹ́ parí mọ́. Nígbà tó parí, Onígíláàsì ń wo ilẹ̀.

Ó ní, "Ó gùn. Mo rò pé orin kékeré ni. Kí n tó di ẹrù tán, ìyàwó mi ti máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, á ti bá mi gbé ẹ̀yìn àpótí."

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú Alábẹ́rẹ́ tó ti ń dùn ún látọjọ́ pípẹ́, ó ti kà á sí ìwọ̀sí, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, títí kan ìyàwó rẹ̀.

Ó ní, "Ìyàwó ẹ ò gbọ́ ọ parí rí. Gbogbo èèyàn á máa jó, àmọ́ tó bá ti kan fèrè yẹn báyìí, á mú báàgì ẹ̀. Ó ká mi lára. Mo dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ kan, mo ní kí ni mo ṣe fún un. Ó ní, 'Ọkọ mi nìkan ló ń di ẹrù.' Ó sì lọ."

Níta, ọlọ́kadà kan ń tẹ fèrè, ẹnìkan sì ń bá a jà. Onígíláàsì ní kó tún un gbé síbẹ̀.

Alábẹ́rẹ́ gbé abẹ́rẹ́ padà síbẹ̀rẹ̀. Onígíláàsì tú bàtà náà lẹ́ẹ̀kejì, ó tò wọ́n sórí itan rẹ̀, ó sì yí àga padà kó lè máa wo òpópónà. Bí àwọn ìlù ṣe dákẹ́ tí fèrè sì bọ́ síta lóun nìkan, ó gbé ọwọ́ sókè. Láyé Alábẹ́rẹ́, kò gbé abẹ́rẹ́ kúrò láàárín orin rí, kódà lọ́jọ́ tí iná fẹ́ jó gbọ̀ngán. Ó gbé e. Ṣọ́ọ̀bù dákẹ́ rọ́rọ́. Ó bi ọ̀rẹ́ rẹ̀ bóyá kí òun pa ẹ̀rọ náà, Onígíláàsì mi orí, kò yé wo ẹnu ọ̀nà. Ó ní kó ní sùúrù díẹ̀, pé ọ̀nà tí ìyàwó òun máa ń gbà bọ̀ ò jìn.